Àlàájà Àmúdàtù àti Ohun Tó Ń Kùn Nínú Sípíkà

Bí ẹ bá jókòó bá Àlàájà Àmúdàtù jẹun, ẹ̀yin ni wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ bu òkèlè. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe yín lálejò o. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa gbé e mì.

Mo fẹ́ràn ìyá náà gan-an, ẹ jẹ́ kí n ti ìyẹn síwájú kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ bà wọ́n jẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ló kángun sí tiwa ní Challenge. Wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀, wọ́n fi òkè sílẹ̀ fún ayálégbé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ló sọ wọ́n dà bí wọ́n ṣe dà, èrò tèmi nìyẹn. Àgádágodo ni wọ́n tà ní Dùgbẹ̀, láti ìgbà ọmọge títí orúnkún fi ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

"Gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ mi," wọ́n máa ń wí, "ìtàn olè ló máa kọ́kọ́ sọ kó tó rajà. Èyí tí kò bá wá sọ ìtàn kankan, tó kàn ń yí kọ́kọ́rọ́ síwá sẹ́yìn, òun gan-an ni mo máa ń wò dáadáa. Ta ló mọ̀? Ó lè jẹ́ pé ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń já a ni."

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Àlàájà ti mu oògùn náà kọjá bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á fi ẹyọ ọwọ̀ kan lélẹ̀ sórí ọmọrí dúrọ́ọ̀mù omi, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣí i. Bí gáàsì bá tètè tán, ẹni tó gbé e wá ti di ọ̀daràn. Ológbò àdúgbò wo ìkòkò wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, wọ́n bi í pé, "Ta ló rán ọ?"

Àfi bí ọmọ wọn Ahmed, tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ṣe fi họ́ọ̀mù tíátà ránṣẹ́ sí wọn. Háà! Ẹ̀rọ yẹn! Sípíkà kéékèèké tí wọ́n ń tò yí pálọ̀ ká, àti ọ̀kan gbàǹgbà tí wọ́n ń gbé sílẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá dún, àyà ni ẹ máa fi gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá bá wọn tò ó. Èmi ò kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni o. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó, mo sì ti tú rédíò bàbá mi títí tí bàbá mi fi fi rédíò náà ta mí lọ́rẹ. Nígbà tí mo to gbogbo wáyà tán, mo tan ẹ̀rọ, ohùn aáfà tó ń ké Kùráánì gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó bọ́ sẹ́yìn àga. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Àlàájà yí ọrùn padà kíá. "Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

"Sípíkà ni, Àlàájà."

"Sípíkà wo ló ń mí sí mi lọ́rùn?"

Ọjọ́ yẹn náà, kó tó di pé oòrùn wọ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. *Hùùùùn.* Bí ìgbà tí oyin bá há sínú agolo. Ẹ dín ohùn rẹ̀ kù, ó ń kùn. Ẹ mú ohùn kúrò pátápátá, ó ṣì ń kùn. Ẹnu mi gan-an ni mo fi sọ fún wọn pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti farapa lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé lọ sí Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Wọn ò fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹyin adìyẹ, torí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn atúnrédíòṣe máa ń yọ ojúlówó, wọ́n á fi ayédèrú rọ́pò. Ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ. Kẹ́kẹ́ pa. Kò kùn rárá!

"Màmá, nǹkan kan ò ṣe é."

Wọ́n gbé e délé, mo bá wọn so ó padà. *Hùùùùn.*

"Ó ti yọ nǹkan," ni Àlàájà wí. "Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yọ ọ́."

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sórí ọkùnrin Mọ́kọ́lá yẹn, tó jẹ́ pé ó jìnnà, kò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n Àlàájà kì í fojú kan nǹkan kí wọ́n má wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbà tí Fẹ̀hìntọlá bá jáde, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bó bá wọlé, tó gun òkè, kò ní pẹ́ tí kíkùn á tún bẹ̀rẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá ni ayálégbé tó wà lókè. Télọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹni jẹ́jẹ́ tí ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà nílé àfi bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Jésùlọlá, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá náà, ibẹ̀ náà ló ti ń gba iṣẹ́. Mítà tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti Àlàájà wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sí àkókò náà, iná tí Àlàájà ń rà ti ń tán kíákíá. Wọ́n wá so méjèèjì pọ̀.

"Ó ń fa iná mi," wọ́n sọ fún Ìyá Tìmílẹ́hìn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú rẹ̀. "Ẹ̀rọ tí Ahmed rà fún mi ló ń ké olè, olè! Èmi ni mi ò tètè gbọ́ èdè rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ èdè náà. Obìnrin kan wá gba aṣọ tí Fẹ̀hìntọlá ò tíì rán rárá, ó ní òun ò fẹ́ rán an mọ́. Òmíràn ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wọn gígùn aṣọ tó kù lójú ara òun. Ẹ rò ó wò: télọ̀ tí wọ́n bá pè lólè, ta ló máa gbé aṣọ fún un? Lórí èyí, Àlàájà tún ní kí ó kó jáde kí oṣù tó parí. Ohun tó ń kùn nínú sípíkà yẹn fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gba orúkọ àti iṣẹ́ mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájà yọjú sí mi lórí odi. "Dúpẹ́olúwa, gbé àwọn irin tí o fi ń tú nǹkan wá. Wá bá mi ká olè yìí mọ́, kí n lè ní ẹlẹ́rìí."

Mo sáré lọ. Kí n má purọ́, kì í ṣe nítorí olè ni mo ṣe sáré. Kíkùn yẹn ti wọ̀ mí lórí. Mo ti ń kà nípa rẹ̀ lórí fóònù, ọwọ́ sì ń yún mi. Mo dé ibẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn, Àlàájà ti gbé àga síbi tí wọ́n ti lè rí mi, rí ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì tún rí àtẹ̀gùn.

"Má fọwọ́ kan ohun tí mi ò rí," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ wò, Àlàájà."

"Ojú ni wọ́n fi ń wò. Ọwọ́ rẹ dà?"

"Àwọn nìyí."

"Gbé méjèèjì síbi tí iná ti ń tàn sí wọn."

Mo yọ gbogbo wáyà tó ń gbé ohùn wọ inú họ́ọ̀mù tíátà náà. Mo fi kìkì wáyà iná sílẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀! Mo ní, "Àlàájà, ẹ gbọ́? Ara ẹ̀rọ yín le. Sípíkà yín le. Nǹkan kan ló ń gbé ariwo wá bá a."

"Ta ni?"

"A máa mọ̀."

Mo fi wáyà tẹlifíṣàn padà. Kẹ́kẹ́. Mo fi ti dìkódà. *Hùùùùn!* Àlàájà fò dìde. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Dìkódà fúnra rẹ̀ ní wáyà mìíràn tó wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tó ń ti orí òrùlé bọ̀ láti ara díìṣì. Mo fi dìkódà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn yọ wáyà díìṣì yẹn. Ó dákẹ́. Mo fi í sí i, ó kùn. Mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Orí mi wú! Mo pariwo pé, "Mo ti mú un!"

"Dì í mú!" Àlàájà ti gbá ìgbálẹ̀ mú. "Ta ni?"

"Wáyà díìṣì ni, Àlàájà."

Wọ́n wò mí bíi pé mo jẹ ẹran lójú wọn tí mo ní ẹja ni. "Àwo tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí òrùlé ló ń kùn nínú pálọ̀ mi?"

A jáde lọ wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tẹ̀ lé wáyà náà láti ojú fèrèsé wọn, ó gba ara ògiri gòkè. Nígbà tí ojú mi dé abẹ́ òrùlé, ó dúró. Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà kan ti ara díìṣì wá wọ inú rẹ̀, méjì sì jáde. Ọ̀kan ni ti Àlàájà. Èkejì yà, ó gba fèrèsé òkè wọlé, sínú yàrá Fẹ̀hìntọlá.

Kí n sọ òótọ́, èmi náà fura. Àbí òótọ́ ni ìyá yìí ń sọ látọjọ́ yìí?

Àlàájà ti rí ohun tí mò ń wò. "Fẹ̀hìntọlá! Sọ̀kalẹ̀ wá! Ọlọ́run ti mú ọ!"

Fẹ̀hìntọlá sọ̀kalẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwọn báàgì ńlá tó ti ń di ẹrù sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ ń pè mí, Màmá?"

"Mò ń pè ọ́, mò ń pe wáyà rẹ náà. Ta ló so èyí mọ́ tèmi?"

Ó gbójú sókè. "Ìgbà tí mo kó dé ni mo bá a tó ń fì lójú fèrèsé mi. Mo kàn fi í sí dìkódà mi ni."

"Gbogbo olè ló máa ń ní òun bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí."

Fẹ̀hìntọlá kọjú sí mi. "Dúpẹ́, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n lè fi wáyà yìí fa iná ìyá?"

"Rárá o. Àwòrán ló ń gbé. Kò lè tan gílóòbù."

"Kí ló dé tí ò ń gbèjà rẹ̀?" Àlàájà yí ojú sí mi. "Kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín sí ọ?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Màmá," ni Fẹ̀hìntọlá wí.

"Ojú rẹ ló ń rẹ́rìn-ín."

Fẹ̀hìntọlá mí kanlẹ̀. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọlẹ̀ sí i ni. Ó ní, "Ẹ lọ pa mítà yín, Màmá. Ẹ pa gbogbo iná ìsàlẹ̀ pátá. Èmi á gòkè lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Bó bá jẹ́ iná yín ni mò ń lò, ẹ̀rọ mi á kú. Bó bá kú, mo ń kó lọ lónìí, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi mọ́."

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ti rò ó rí nínú wa. Ó rọrùn tó báyẹn! Ṣùgbọ́n Àlàájà ò tíì mira.

"Fírísà tuntun mi ńkọ́? Ẹran wà nínú rẹ̀."

"Kò ní pẹ́, Àlàájà," mo ní. "Ẹran ò ní mọ̀."

Wọ́n rìn lọ sídìí mítà bí ẹni ń lọ síbi tí ejò wà. Wọ́n pa á. Fáànù pálọ̀ rọra ń dúró. Fírísà gbọ̀n jìgì, ó dákẹ́. A gbé etí sókè. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá lójú títì. Mo gbọ́ èémí ara mi. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ lókè: *trrrrrrr.* Ó dúró díẹ̀. *Trrrrrrrrrr.*

Mo fẹ́ fò sókè. Àlàájà gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́."

Mo sáré gòkè, mo yọ orí lójú fèrèsé. "Iná lẹ̀rọ ń lò o, Àlàájà! Fáànù rẹ̀ náà ń yí!"

"Ó lè jẹ́ atẹ́gùn!"

Wọ́n gòkè fúnra wọn pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ń kígbe lé lórí. Wọ́n dúró sábẹ́ fáànù. Wọ́n wo gílóòbù tó ń tàn. Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ Fẹ̀hìntọlá ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí kò sí ibi tí wọ́n máa wò mọ́, Àlàájà jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn báàgì ẹrù yẹn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Iná kọ́. Wáyà wá ńkọ́? Ẹni tó bá so wáyà mọ́ tèmi láìsọ fún mi ní nǹkan tó ń wá."

Mo bi wọ́n pé ta ló fi díìṣì náà sí òrùlé. Wọ́n ní Ayọ̀bámi ni, kó tó di pé Fẹ̀hìntọlá gba yàrá. Mo ní kí wọ́n pè é. Wọ́n pè é, mo sì bá wọn tẹ ibi tí gbogbo wa á ti gbọ́ ọ.

"Ayọ̀bámi, èmi Àmúdàtù ni. Ta ló ní kí o pín díìṣì mi sí méjì?"

"Ẹ ń lẹ́ o, Àlàájà. Ẹ̀yin náà ni."

"Irọ́! Èlò ni wọ́n fún ọ?"

"Àlàájà, ẹ rántí. Mo fẹ́ gbé díìṣì kejì lọ sórí òrùlé fún ẹni tó ń gbé òkè nígbà yẹn, ẹ fa mí sọ̀kalẹ̀ ní ṣòkòtò. Ẹ ní ẹni tó bá gun òrùlé yín lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ló wá ṣe. Ẹni tó bá gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó máa gbà wọ yàrá yín ló ń wò. Ẹ ní kí n fi ẹyọ kan pín in fún ẹ̀yin méjèèjì."

Èmi àti Fẹ̀hìntọlá wo ara wa. Kò sí alárékérekè kan láyé tó lè ṣe ayédèrú irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu kan ṣoṣo ló ti lè jáde. Àlàájà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n pa fóònù láìdágbére.

Mo wá ṣàlàyé bó ṣe yé mi fún wọn. Sìtẹbiláísà tí mo rí lábẹ́ tábìlì Fẹ̀hìntọlá, èyí tó ń ṣọ́ iná fún dìkódà rẹ̀, ti gbó, iná tín-ín-rín ń jò lára rẹ̀, kò tó ohun tó lè gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń gba ara wáyà díìṣì sọ̀kalẹ̀ wá bá dìkódà ìsàlẹ̀. Mítà ọ̀tọ̀ ni ti òkè, mítà ọ̀tọ̀ ni ti ìsàlẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo yẹn ló fi ilé méjèèjì kan ara wọn, ibẹ̀ ni kíkùn ti wá. Ní Mọ́kọ́lá, kò sí wáyà díìṣì lára ẹ̀rọ náà, ìdí nìyẹn tí kò fi kùn lọ́hùn-ún.

"Kí ló dé tó fi ń dákẹ́ bó bá jáde?" ni Àlàájà bi mí, ojú wọn ò tíì kúrò lára Fẹ̀hìntọlá.

Òun ló dá wọn lóhùn. "Mo máa ń yọ gbogbo nǹkan mi kúrò lára iná bí mo bá ń jáde, Màmá. Kí ilé yín má baà jó."

Àlàájà wo ilẹ̀. "Iná mi tó ń tán ńkọ́?"

"Fírísà tuntun yẹn ńkọ́?" mo ní.

"Fírísà kì í jalè."

"Kì í jalè lóòótọ́, Àlàájà. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun."

Fẹ̀hìntọlá dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó yọ wáyà díìṣì kúrò lára dìkódà rẹ̀, ó sì jù ú síta. "Ẹ̀rọ yín á dákẹ́ báyìí. Mo ti rí yàrá ní Àpẹ́tẹ̀."

"Àpẹ́tẹ̀?" Orí Àlàájà sọ kúlú sókè. "Ta ni onílé ibẹ̀? O ti wádìí rẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa? Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ fi kó jáde?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fẹ̀hìntọlá kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Ìgbà tí ẹ̀rín tán, omi wà lójú rẹ̀. "Màmá, yàrá kọ́ ló dùn mí. Gbogbo àdúgbò lẹ sọ ọ́ fún. Ẹni tó gbọ́ ti olè lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí náà lẹ́nu yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ò lè dúró."

Àlàájà dìde kúrò lórí báàgì. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tan mítà wọn padà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Lówùúrọ̀ Sátidé, mo gbọ́ ariwo, mo yọjú. Ayọ̀bámi wà lórí òrùlé Àlàájà pẹ̀lú díìṣì tuntun fún òkè! Àlàájà fúnra wọn ló di àkàbà mú nísàlẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ìyá Tìmílẹ́hìn ń kọjá lọ, ó dúró.

"Àlàájà, kí ló dé? Ṣé olè iná yẹn ti kó jáde ni?"

Ọwọ́ Àlàájà le mọ́ àkàbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohùn tí wọ́n fi ń polówó ní Dùgbẹ̀ sókè, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Fẹ̀hìntọlá kò jí iná mi! Èmi Àmúdàtù ni mo purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ ṣe bá mi gbé tàkọ́kọ́ kiri, ẹ bá mi gbé èyí náà kiri, kí ẹ má dín ẹyọ kan kù níbẹ̀."

Ìyá Tìmílẹ́hìn lanu sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lókè. Fẹ̀hìntọlá yọ orí síta, òwú wà láàárín eyín rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń gbaṣọ o."

"Ó ń gbaṣọ!" ni Àlàájà kígbe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè. "Ayọ̀bámi! Òrùlé ni mo ní kí o wò, kì í ṣe ojú fèrèsé mi!"